Ogbó Kọ́, Eruku Ni

Bí láptọ́ọ̀pù bá ti lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo ènìyàn máa ń dá fún un: ó ti gbó. Ó ń lọ́ra, ara rẹ̀ ń gbóná, fáànù rẹ̀ ń pariwo, nígbà mìíràn ó kàn máa ń paná ara rẹ̀ láìdágbére. Ẹni tó ni ín á ní ọjọ́ ló ti pẹ́ lórí rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ọ̀rẹ́ léèrè iye tí òmíràn ń lọ. Lójú tèmi, ẹjọ́ yẹn kì í sábà tọ̀nà. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn ege sílíkọ́nì tó ń ṣe ìṣirò nínú rẹ̀, kì í darúgbó bí ènìyàn ṣe ń darúgbó. Eré tó lè sá lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é ló ṣì lè sá lẹ́yìn ọdún púpọ̀, bí ó bá ń rí iná tó yẹ gbà, tí ara rẹ̀ sì tutù. Àwọn ohun tó yí i ká ló ń yí padà: ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí eruku ti dí, pééṣìtì orí ọpọlọ náà tó ti gbẹ, bátìrì tí agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, eruku ni kò ná ènìyàn ní nǹkan púpọ̀ láti yanjú. Òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ipá lé, tí ipá náà á wá ba ohun tí wọ́n fẹ́ tún ṣe jẹ́. Ohun tí mo ní í sọ kò ju èyí lọ: ẹni tó bá mọ ibi tí eruku jókòó sí ló lè mú un kúrò láìséwu, bó ti wù kí afẹ́fẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n le tó.

Ìdí tí a fi ń ṣi ẹjọ́ náà dá ni pé ẹ̀rọ òde òní mọ bí a ti ń pa ìnira mọ́ra. Ní ọdún 2001, àwọn òǹkọ̀wé ìkànnì Tom's Hardware ṣe ìdánwò kan tí fídíò rẹ̀ tàn káàkiri láàárín àwọn tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Wọ́n yọ irin tó ń gba ooru kúrò lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Athlon tí ilé iṣẹ́ AMD ṣe kò pẹ́ tó fi jóná, èéfín rú lára rẹ̀. Pentium 4 tí Intel ṣe kò jóná ní tirẹ̀. Ó dín eré kù, ó sì rọra ń bá iṣẹ́ lọ. Lóde òní, bí Pentium 4 yẹn ṣe ṣe ni gbogbo ọpọlọ láptọ́ọ̀pù ń ṣe. Ààlà ooru wà tí wọ́n fi lélẹ̀ fún un, èyí tó máa ń wà ní nǹkan bí 100 °C fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí Intel ń ṣe. Bí ó bá ti ń sún mọ́ ààlà náà, á fúnra rẹ̀ rọra sáré kí ooru ara rẹ̀ má baà pọ̀ jù. Kò ní kọ ìkìlọ̀ kankan sójú ẹ̀rọ, kò sì ní dún bí agogo. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu ààbò yìí, nítorí ó ti gba ọ̀kẹ́ àìmọye kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ iná. Àmọ́ òun náà ló sọ àìsàn tí à bá tètè rí di ìlọ́ra lásán, tí ẹnì kan á pè ní ogbó, tí ẹlòmíràn á pè ní fáírọ́ọ̀sì, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Bí dídín eré kù kò bá tó mọ́, ẹ̀rọ á paná ara rẹ̀ pátá, ìgbà yẹn lojú ẹni á tó là pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀.

Kí a tó lè sọ ibi tí eruku jókòó sí, a ní láti tẹ̀ lé ooru láti orísun rẹ̀ títí dé ojú ihò tó ń gbà jáde. Pẹlẹbẹ bàbà kan wà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ orí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, pééṣìtì díẹ̀ sì wà láàárín àwọn méjèèjì kí afẹ́fẹ́ má baà là wọ́n. Láti ara pẹlẹbẹ yìí ni páìpù bàbà kan tàbí méjì ti nà lọ sí etí ẹ̀rọ. Ènìyàn lè rò pé irin gbọingbọin ni páìpù náà, àmọ́ ihò wà nínú rẹ̀, omi díẹ̀ sì wà nínú ihò náà, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí omi náà lè tètè hó. Níbi tó ti gbóná, omi á di oruku, á sáré lọ sí òpin kejì tó tutù, á tún di omi níbẹ̀, ara ògiri inú páìpù á sì fà á padà síbi tó ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá wà ní títàn, láìsí ẹ̀rọ kankan tó ń fún omi náà. Ní òpin tó tutù yẹn ni wọ́n to àwọn pẹlẹbẹ irin tín-ín-rín jọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí àlàfo àárín wọn kò ju bí ìmú ọ̀bẹ lọ. Fáànù wà lẹ́yìn wọn. Fáànù yìí kò dà bí ti àjà ilé tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá tààrà: àárín rẹ̀ ló ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti abẹ́ láptọ́ọ̀pù, etí rẹ̀ ló sì ti ń tì í jáde, gba àárín àwọn pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn, bọ́ sí ìta.

Ẹ jẹ́ kí a wá tẹ̀ lé eruku náà. Ihò abẹ́ láptọ́ọ̀pù fẹ̀, nítorí náà kò dá nǹkan púpọ̀ dúró. Àárín àwọn apá fáànù fẹ̀, òun náà kò dá a dúró. Ibi àkọ́kọ́ tí ọ̀nà ti há ni ojú àwọn pẹlẹbẹ irin, ní ìhà inú, ìhà tó kọjú sí fáànù. Okùn aṣọ tàbí irun kan á gbé ara lé ẹnu àlàfo méjì, òmíràn á há mọ́ ọn, eruku tó kéré sí wọn tí ì bá ti kọjá á wá rí ibi dì mọ́. Bí ó bá yá, yóò tẹ́ síbẹ̀ bí ẹní, yóò dí gbogbo ojú ọ̀nà, fáànù á sì máa fi gbogbo agbára rẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sára ògiri. Kókó ọ̀rọ̀ mi wà níhìn-ín. Bí ẹnì kan bá mú tọ́ọ̀ṣì, tó tàn án wo ojú ihò ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù láti ìta, pẹlẹbẹ tó ń dán ni yóò rí, yóò sì búra pé inú ẹ̀rọ mọ́. Ẹ̀yìn ohun tó ń wò gan-an ni ẹní eruku náà wà. Bí ó bá sì gbé ẹnu ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sójú ihò kan náà, ohun tí yóò ṣe ni pé yóò ti ẹní náà padà sínú fáànù. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á fọ́, á tú jáde lábẹ́, ẹni náà á rí eruku tó fò, inú rẹ̀ á dùn. Ní ọjọ́ kejì tí fáànù bá tún yí, ìyókù á padà sípò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé àwọn fẹ́ eruku láptọ́ọ̀pù àwọn lóṣooṣù tí kò sì yé gbóná. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa.

Eruku wo tilẹ̀ ni à ń sọ? Nínú ti inú ilé níbi gbogbo láyé, okùn ara aṣọ àti kápẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, irun wà níbẹ̀, ìpẹ́pẹ́ awọ ara ènìyàn náà sì wà níbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n kó láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí ọjà Computer Village ní Ìkẹjà sì máa ń gbé ti ilé onílé wá, irun ajá àti ti ológbò tí ẹni tó rà á kò mọ̀ rí. N kò mọ ìdí tí a fi ń yẹ ojú rẹ̀ wò fún ìfàyà nígbà tí a bá fẹ́ rà á, tí a kì í sì í ní kí ẹni tó ń tà á ṣí abẹ́ rẹ̀. Ti ilẹ̀ wa ní àfikún. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti òróró tó ń fò láti ibi ìdáná máa ń mú kí eruku lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Ibi tó tóbi jù lọ tí eruku ti ń gbéra lágbàáyé ni ilẹ̀ tó rì wọnú kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ní àríwá orílẹ̀-èdè Ṣáàdì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi rọ́ jáde. Adágún ńlá kan ló wà níbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, èyí tí adágún Ṣáàdì òde òní jẹ́ àjẹkù rẹ̀. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ń-tín inú omi, tí èèpo ara wọn jẹ́ irú ohun tí a fi ń ṣe gíláàsì, kú sí ìsàlẹ̀ adágún náà, nígbà tí omi sì gbẹ, èèpo wọn di ìyẹ̀fun funfun tí atẹ́gùn ń gbé káàkiri. Àwọn onímọ̀ NASA lo sátẹ́láìtì CALIPSO láti fi wọn eruku Sàhárà láti ọdún 2007 sí 2013. Wọ́n rí i pé ní ìpíndọ́gba, 182 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ló ń gba ìwọ̀-oòrùn aginjù náà jáde lọ́dún, 27.7 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ sì ń balẹ̀ sí agbègbè odò Amazon. Eruku tó lè fò kọjá òkun Àtìláńtíìkì dé Brazil, kí ni ihò abẹ́ láptọ́ọ̀pù fẹ́ fi dá a dúró ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin?

Àtakò tó lágbára jù lọ sí ohun tí mo ń sọ ni pé gbogbo ìlọ́ra kọ́ ni ti eruku. Òtítọ́ ni. Àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà ń wúwo sí i lọ́dọọdún, íntánẹ́ẹ̀tì òde òní ń béèrè ohun tí ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò béèrè, dísìkì àtijọ́ tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù sì lè sọ ẹ̀rọ tí inú rẹ̀ mọ́ tónítóní di ọ̀lẹ. Bí láptọ́ọ̀pù bá lọ́ra láti ìṣẹ́jú tí a tàn án, kí ara rẹ̀ tó gbóná rárá, n kò ní dá eruku lẹ́bi. Àmọ́ bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú okun, tó wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí fáànù ń ké, tí atẹ́gùn tó ń jáde ní ojú ihò sì ṣẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò fi mọ̀ ọ́n, tí gbogbo rẹ̀ á tún padà bọ̀ sípò bí a bá pa á kó sinmi, ìwà ẹni tí kò rí èémí mí nìyẹn. Kò tilẹ̀ yẹ kó jẹ́ àfinúrò. Ètò ọ̀fẹ́ wà tó ń sọ ìwọ̀n ooru ọpọlọ kọ̀ǹpútà, irú HWiNFO fún àwọn tó ń lo Windows àti lm-sensors fún àwọn tó ń lo Linux. Ẹni tó bá kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ kò ṣe nǹkan kan, tó tún kọ ọ́ nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ti ní ẹ̀rí tí yóò fi wo iṣẹ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn ìmọ́tótó. Láìsí èyí, ìtẹ́lọ́rùn ọkàn lásán ni a ó máa fi ṣe òdiwọ̀n.

Ipá ni ọ̀tá gidi nínú iṣẹ́ yìí. Mo ti gbọ́ ìmọ̀ràn pé kí a gbé láptọ́ọ̀pù lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, kí ó fi kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé táyà ọkọ̀ akẹ́rù dúró ni ìyẹn. Bí a bá sì há afẹ́fẹ́ mọ́ inú táǹkì bẹ́ẹ̀, ọ̀rinrin inú rẹ̀ á di omi sí ìsàlẹ̀ táǹkì, òróró ẹ̀rọ náà á dà pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì lè tú sórí bọ́ọ̀dù tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà jókòó lé. Búlówà oníná tí àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe ń lò sàn jù ú lọ nítorí afẹ́fẹ́ yàrá lásán ló ń fẹ́, síbẹ̀ ó lè mú kí fáànù yí kọjá iye tí wọ́n ṣe béárìn rẹ̀ fún. Ohùn fáànù tó ń fọn lẹ́yìn ìmọ́tótó sábà máa ń jẹ́ àbájáde rẹ̀. Àwọn kan tún ń sọ pé fáànù tí a fi afẹ́fẹ́ yí máa ń rán iná padà sínú bọ́ọ̀dù, nítorí mọ́tò tó bá ń yí lè di jẹnẹrétọ̀. N kò fi èyí ṣe ẹ̀rí ńlá. Béárìn nìkan ti tó ìdí fún mi láti di apá fáànù mú. Agolo afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tà lókè òkun, kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Gáàsì tí wọ́n ti tẹ̀ títí ó fi di omi ni, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gbaná. Bí a bá dojú rẹ̀ dé, omi tútù náà á jáde, á bo awọ ọwọ́ àti bọ́ọ̀dù ní yìnyín. Ẹni tó sì fẹ́ ní kí àbúrò òun mú un bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, kí ó rántí pé wọn kì í jẹ́ kí irú agolo tó ń gbaná bẹ́ẹ̀ wọ inú báálù àwọn èrò, ì báà jẹ́ nínú àpótí. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku kápẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ máa ń kó irú iná tó ń ta ènìyàn lọ́wọ́ jọ sẹ́nu ọ̀pá rẹ̀, ó sì mọ síkúrù kéékèèké í gbé mì. Ní ti ẹnu ara ẹni, itọ́ wà nínú rẹ̀.

Kí ni ó wá kù? Ọ̀nà tó kù kò ní ariwo, ó sì rọrùn ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. A ó pa láptọ́ọ̀pù pátápátá, kì í ṣe kí a kàn pa á dé kí ó máa sùn, a ó sì yọ ṣájà. A ó dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì tó mọ́, a ó tú síkúrù abẹ́ rẹ̀. Ibí yìí ló yẹ kí a ti fara balẹ̀ jù, nítorí síkúrù abẹ́ láptọ́ọ̀pù kì í gùn bákan náà. Èyí tó gùn, bí a bá fi sí ihò èyí tó kúrú, lè gún bọ́ọ̀dù láti ẹ̀yìn, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ tí wọ́n ní eruku pa ti lè kú ní tòótọ́. Ẹni tó bá ya àwòrán abẹ́ láptọ́ọ̀pù sórí ìwé, tó fi síkúrù kọ̀ọ̀kan lé ipò rẹ̀ lórí àwòrán náà, kò ní ṣìnà. A ó fi káàdì ike tí a kò lò mọ́ la etí rẹ̀, kì í ṣe ọ̀bẹ. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ti ṣí, okùn bátìrì ni kí a kọ́kọ́ yọ kúrò lára bọ́ọ̀dù kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí iná má baà sí níbì kankan. Lẹ́yìn náà, okùn fáànù. Orí rẹ̀ ni a ó fi èékánná tì jáde, a kò ní fa okùn. Síkúrù méjì sí mẹ́rin ló máa ń di fáànù mú, bí ó bá sì ti jáde, ẹní eruku tí mo sọ á hàn kedere lójú àwọn pẹlẹbẹ. Ó sábà máa ń ṣeé fi ìka ṣí kúrò lódindi. Ìyókù, búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tó rọ̀, tó gbẹ, la ó fi gbá a, láti inú lọ síta, ní ọ̀nà tí àlàfo náà gbà. Bí a bá tún fẹ́ fi búlówà fẹ́ ẹ lẹ́yìn èyí, fáànù kò sí níbẹ̀ mọ́ láti farapa. Apá fáànù fúnra rẹ̀, òwú ẹnu igi tí a fi ń nu etí, tí a tẹ̀ sínú ọtí ìsopropílì tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ni yóò nù ún mọ́ láìfi omi sílẹ̀. Kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe nítorí eruku nìkan: kó tú páìpù bàbà kúrò lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Bí ó bá ti ṣí, pééṣìtì àárín wọn ti bàjẹ́, a kò sì gbọdọ̀ dá a padà láìnu ti àtijọ́ kúrò kí a sì fi tuntun sí i. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, fáànù ṣeé dá yọ. Nínú àwọn kan, òun àti páìpù jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ẹni tó bá bá irú èyí pàdé tí kò sì ní pééṣìtì nílẹ̀ lè fi igi ìtayín di apá fáànù mú, kó sì fi búrọ́ọ̀ṣì àti ìka gbá ohun tí ọwọ́ bá tó. Kò ní mọ́ tán. Ó sàn ju kí a ṣí ohun tí a kò lè dé padà.

Àwọn kan á ní, kí ni ẹ̀njiníà wà fún? N kò bá wọn jà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà ní òpópónà Òtígbà, ní Computer Village yẹn, mọ iṣẹ́ yìí ju ẹni tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹni tó mọ ibi tí eruku jókòó sí ni yóò mọ ohun tó yẹ kó béèrè. Bí wọ́n bá ní àwọn ti fẹ́ eruku láptọ́ọ̀pù rẹ̀ láìtú síkúrù kan, yóò mọ̀ pé owó ni wọ́n fẹ́ jáde. Ẹlòmíràn á mẹ́nu ba wàráńtì, àti bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mórí síkúrù pé ẹni tó bá fà á ya ti pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin Magnuson-Moss tó dá lórí wàráńtì ti wà láti ọdún 1975, àjọ FTC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà sì kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ mẹ́fà ní oṣù kẹrin ọdún 2018 láti kìlọ̀ fún wọn nípa irú ìhàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tilẹ̀ ń fẹ́ kí oníbàárà wo inú ẹ̀rọ rẹ̀: Lenovo máa ń fi ìwé àtúnṣe ThinkPad sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti kà, láptọ́ọ̀pù Framework tó jáde ní ọdún 2021 sì ń bá síkúrúdíráfà tirẹ̀ wá nínú páálí. Ẹni tí wàráńtì rẹ̀ ṣì wà láàyè, kó ka ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó ṣí ohunkóhun. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ kò ní wàráńtì tí bébà kan ń ṣọ́.

Wọ́n tún lè sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yìí ti ń di ìtàn, nítorí MacBook Air tí Apple gbé jáde ní ìparí ọdún 2020 kò ní fáànù rárá. Lóòótọ́, ẹni tó ní irú rẹ̀ kò nílò àròkọ yìí. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, àwọn olùkọ́, àwọn tó ń tẹ̀wé nítòsí fásitì, ni àwọn Dell, HP àti Lenovo tí ilé iṣẹ́ lókè òkun ti lò tì, tí fáànù wọn kò sì tíì sinmi láti ọjọ́ tí wọ́n ti kúrò nílé iṣẹ́. Ooru tí eruku sé mọ́ inú wọn kì í mọ sọ́dọ̀ ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù wà nítòsí, ooru sì wà lára ohun tó ń tètè gba agbára rẹ̀. Ẹni tó gbára lé bátìrì nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ àdánù náà. Bí a bá sì sọ láptọ́ọ̀pù náà nù, ibo ló ń lọ? Ìròyìn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó jáde ní ọdún 2024 ní 62 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù àlòkù ohun èlò oníná ni ayé kó dànù ní ọdún 2022. N kò sọ pé eruku ló fà á. Mo ń sọ pé kò yẹ kí ẹ̀rọ tí ọ̀nà èémí rẹ̀ kàn dí wà nínú iye yẹn.

Ó ku ìgbà tó yẹ kí a ṣe é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí eruku nígbà tí ọyẹ́ bá ti funfun lójú fèrèsé, ní oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní, ìgbà yẹn gan-an ni kò dára. Ọyẹ́ ṣì ń bọ̀ wá kún un, ìyẹn kéré. Èyí tó le ni pé inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni iná ara ẹni ti máa ń pọ̀, irú èyí tó máa ń ta ènìyàn lọ́wọ́ bó bá di irin ilẹ̀kùn mú. Kí ara tó lè mọ iná yẹn lára, ó ti tó nǹkan bí 3,000 fóltì. Èyí tó lè ba ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà jẹ́ kéré sí i gan-an, kò sì ní ta ẹnikẹ́ni. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, tí ọ̀rinrin ti padà sínú afẹ́fẹ́, tí ọyẹ́ sì ti kó ẹrù rẹ̀ tán, ni kí a ṣí i, kí a sì máa fọwọ́ kan irin tí a kò kùn lọ́dà kí a tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá títì tí kò ní ọ̀dà, tàbí tó ń gbé láptọ́ọ̀pù lé orí bẹ́ẹ̀dì, lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a bá dé e padà, kí a tún ka ìwọ̀n ooru náà pẹ̀lú iṣẹ́ kan náà tí a fi ka ti àkọ́kọ́. Bí ó bá lọ sílẹ̀ dáadáa, eruku ló jẹ̀bi. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jáde gbuuru ní ojú ihò tí ooru kò sì lọ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí pééṣìtì ti gbẹ, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ yẹn, ọ̀tọ̀ sì ni ìṣọ́ra tó ń béèrè.